Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Kò Tó fún Ọmọ Tí Kò Tíì Gbọ́ Odindi

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ yóò di odindi. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá tí kò mọ òwe yìí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Kí àbọ̀ tó lè di odindi nínú ọmọ, àbọ̀ kejì ní láti ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí a bá sọ fún àgbàlagbà pé "lágbájá kò sùn sílé lánàá," ó mọ ohun tí a ń wí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí òun gbọ́ kò ju pé lágbájá sùn sí ibòmíràn.

Ohun tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin ònkàwé mi sọ lónìí dá lórí ìyàtọ̀ yìí. Èrò mi ni pé ẹ̀kọ́ nípa ara, nǹkan oṣù, ìbálòpọ̀, oyún, àti bí ọkùnrin àti obìnrin ṣe yẹ kí wọ́n máa bá ara wọn lò, gbọ́dọ̀ dé etí àwọn ọmọ wa ní odindi, ní èdè Yorùbá, kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àbọ̀ ọ̀rọ̀ kìlọ̀ fún wọn. Èdè wa ní ọ̀rọ̀ tí ó tó fún ẹ̀kọ́ náà. Ìtìjú àwa àgbà ni kò jẹ́ kí a lò ó.

Akanran àti àwọn abà rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n fi Akanran ṣe àpẹẹrẹ. Akanran ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀nà-Àrà, ní ẹ̀yìn Ìbàdàn. Abà àgbẹ̀ ni àwọn abà tí ó yí i ká: oko kòkó, oko ẹ̀gẹ́, oko àgbàdo àti igi ọ̀pẹ. Ẹni tí ó bá ka ìtàn mọ̀ pé Akanran wà lára àwọn ibi tí ọ̀rọ̀ Àgbẹ́kọ̀yà ti gbóná jù ní 1968 sí 1969, nígbà tí Tafa Adeoye àti àwọn àgbẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀ láti san owó orí tí ó wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Wọ́n sọ ohun tí ó ń dùn wọ́n fún ìjọba láìfi bò. Ó yẹ kí irú ìlú bẹ́ẹ̀ lè sọ ohun tí ó kan ara ọmọ fún ọmọ.

Ní irú ibẹ̀, Yorùbá ni ọmọ fi ń kí ìyá rẹ̀ láàárọ̀, òun ni ó fi ń ná ọjà, òun náà ni ó fi ń lá àlá. Ṣùgbọ́n bí ó bá wọ kíláàsì, a óò ya àwòrán ara obìnrin sí ojú pátákó, a óò sì fi Gẹ̀ẹ́sì kọ orúkọ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sí i. Ọmọ yóò há a sórí fún ìdánwò. Bí ìdánwò bá ti parí, ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn náà parí nìyẹn, nítorí kò sí ẹni tí ó ń lò wọ́n nílé, lóko tàbí lọ́jà. Ọmọ lè gba máàkì tí ó dára lórí àwòrán náà, kí ó má sì mọ̀ pé ara tirẹ̀ gan-an ni a yà síbẹ̀. Bí nǹkan bá ń ṣe é, kò ní orúkọ tí yóò pè é fún ìyá rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ìwádìí ìlera ti 2018 tí a mọ̀ sí NDHS fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọbìnrin ọdún 15 sí 19 ní Nàìjíríà, 19 ni ó ti bímọ tàbí tí ó ti lóyún. Ní ìgboro, 8 ni wọ́n. Ní ìgbèríko, 27 ni. Ìwádìí mìíràn tí Àjọ Ètò Ìkànìyàn ṣe pẹ̀lú UNICEF ní 2014 fi hàn pé ọmọbìnrin kan nínú mẹ́rin, àti ọmọkùnrin kan nínú mẹ́wàá, ni ẹnì kan ti fi ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ ṣe níkà kí wọ́n tó pé ọdún 18. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tí ọmọ mọ̀ dáadáa ni ó ń ṣe é, kì í ṣe àjèjì tí ó ń kọjá lọ.

"Bí ọkùnrin bá fọwọ́ kàn ọ́"

Ní ọjọ́ tí ọmọbìnrin bá kọ́kọ́ rí nǹkan oṣù rẹ̀, gbólóhùn kan wà tí ọ̀pọ̀ ìyá máa ń sọ fún un: "O ti di obìnrin báyìí o. Bí ọkùnrin bá fọwọ́ kàn ọ́, oyún ni." Ìfẹ́ ni ó mú ìyá sọ bẹ́ẹ̀. Àdàpè sì ni "fọwọ́ kàn." Ìyá mọ odindi rẹ̀, ọmọ kò mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, ohun tí ìyá fi ẹnu sọ gan-an ni ọmọ gbọ́, èyí ni ọwọ́.

Ẹ wo ohun tí yóò tẹ̀lé e. Ọmọ náà yóò máa sá fún àwọn ọmọkùnrin kíláàsì rẹ̀. Bí ọlọ́kadà bá ń fún un ní ṣéńjì tí ọwọ́ wọn kanra, kò ní rí oorun sùn lóru. Oṣù yóò yí po, yóò sì tún rí nǹkan oṣù rẹ̀. Kí ni yóò rò? Yóò rò pé irọ́ ni ìyá òun pa. Láti ọjọ́ náà lọ, gbogbo ohun yòókù tí ìyá bá sọ nípa ọ̀rọ̀ yìí ti fúyẹ́ létí rẹ̀.

Nígbà tí ó bá yá, ọmọkùnrin kan yóò sọ fún un pé obìnrin kì í lóyún ní ìgbà àkọ́kọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò sọ fún un pé bí ó bá mu omi iyọ̀, tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ àti kán-ún, gbogbo rẹ̀ yóò ṣàn jáde. Irọ́ ni gbogbo èyí. Oyún lè dúró ní ìgbà àkọ́kọ́ gan-an, kò sì sí ọ̀kan nínú omi iyọ̀, ọsàn wẹ́wẹ́ àti kán-ún tí ó ń dènà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbà gbọ́? Ìyá ti kọ́kọ́ sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tọ̀hún kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ fi dáàbò bo ọmọ ni ó gba ìgbẹ́kẹ̀lé lọ́wọ́ ẹni tí ó yẹ kí ó dáàbò bò ó.

Ǹjẹ́ àṣà wa ni ìdákẹ́jẹ́ yìí?

Àwọn tí kò fẹ́ ẹ̀kọ́ yìí máa ń sọ pé Yorùbá kì í pe nǹkan abẹ́ lórúkọ. Òótọ́ ni pé èdè wa kún fún àdàpè lórí ọ̀rọ̀ yìí. A ní ojú ara, a ní abẹ́, a ní nǹkan ọmọkùnrin. A ń sọ pé obìnrin rí àlejò rẹ̀, pé ó ti fẹ́ra kù, pé ọkùnrin bá a sùn. Ẹwà èdè ni wọ́n, n kò sì fẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn kú. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà ni wọ́n sọ fún wa pé àdàpè olè ni ọmọ ń fẹ́wọ́. Wọ́n mọ̀ pé àdàpè lè bo ìtìjú, wọ́n sì mọ̀ pé ó lè bo ẹ̀ṣẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ sì wo Ìbàdàn fúnra rẹ̀. Lọ́dọọdún, ní oṣù kẹta, ni wọ́n ń ṣe ọdún Òkè'bàdàn. Ní ọjọ́ náà, tọmọdé tàgbà, tọkùnrin tobìnrin, ni ó ń fi orin pe okó àti òbò lórúkọ ní gbangba ìgboro, láìsí ìbòjú kankan. Kò sí ẹni tí ó ń sọ pé àṣà bàjẹ́ lọ́jọ́ náà, nítorí pé àṣà gan-an nìyẹn.

Ẹ wo inú ẹ̀sìn náà. Áfáà tí ó bá ń kọ́ ọ̀dọ́ ní ìwẹ̀ jànábà nílé kéwú kò lè ṣàì sọ ohun tí ó sọ ìwẹ̀ náà di dandan: àtọ̀, ìbálòpọ̀ àti nǹkan oṣù. Nínú Bíbélì Yorùbá tí wọ́n parí ìtumọ̀ rẹ̀ ní 1884, orí kẹẹ̀ẹ́dógún ìwé Léfítíkù sọ ti àtọ̀ ọkùnrin àti ti ẹ̀jẹ̀ obìnrin láìfi pamọ́. Èdè wa kò ṣe aláìní orúkọ fún nǹkan wọ̀nyí rí. Ààyè ni ó fún orúkọ kọ̀ọ̀kan: ààyè wà nídìí ọdún, ààyè wà nínú ẹ̀sìn, ààyè wà nílé ìwòsàn. Ibi kan ṣoṣo tí a kò fún un láàyè ni àárín àgbà àti ọmọ tí ó nílò láti mọ̀.

Ẹnì kan lè bi mí pé, báwo ni àwọn baba wa ṣe ṣe é tí àbọ̀ ọ̀rọ̀ fi tó wọn? Ìdáhùn mi ni pé agbo ilé ni ó ń fi àbọ̀ kejì kún un. Ọmọbìnrin ń sùn ní yàrá ìyá àgbà pẹ̀lú àwọn tí ó jù ú lọ. Ó ń gbọ́ ohun tí àwọn ìyàwó ilé ń sọ nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ẹ̀gẹ́. Ọmọkùnrin ń tẹ̀lé àwọn ẹ̀gbọ́n lọ sóko. Lónìí, ọ̀pọ̀ ọmọ Akanran ti lọ kọ́ṣẹ́ ní ìgboro Ìbàdàn, tàbí kí wọ́n máa gbé pẹ̀lú òbí nínú yàrá kan ṣoṣo láìsí ìyá àgbà kankan nítòsí. Fóònù ni ó gba iṣẹ́ agbo ilé ṣe. Fíìmù oníhòòhò tí ó wà nínú rẹ̀ kì í lo àdàpè, bẹ́ẹ̀ ni kì í kọ́ ọmọ ní ojúṣe. Ẹni tí ó bá ní kí a dákẹ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òun ń fa ọmọ lé fóònù lọ́wọ́ ni.

Orúkọ ń kọ́ni

Gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ ẹ̀dá èdè, ohun tí ó ń ká mi lára jù ni ohun tí àwọn orúkọ tí a ń lò ń kọ́ ọmọ láìjẹ́ pé a mọ̀. Nígbà tí ẹnì kan bá fipá bá ọmọdé lò pọ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní agbègbè wa máa ń sọ pé "ó ti ba ọmọ náà jẹ́." Ẹ yẹ gbólóhùn yẹn wò. Ta ni ó bàjẹ́ nínú rẹ̀? Ọmọ ni. Ẹni tí ó hùwà búburú jẹ́ olùwà lásán. Ẹni tí a hùwà sí ni ó gba àbùkù. Ọmọ tí ó bá gbọ́ gbólóhùn yẹn kò ní fẹ́ sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i, nítorí kò sí ẹni tí ó fẹ́ kí a pe òun ní ohun tí ó ti bàjẹ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni "ó bá mi ṣeré." Ọmọ tí kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá rẹ̀, ìyá yóò sì dáhùn pé "ẹ má ṣeré jù o." Níwájú ọlọ́pàá tàbí adájọ́, eré kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ọmọ tí ó bá lè sọ pé "ó fọwọ́ kan òbò mi" tàbí "ó ní kí n di okó òun mú" ti sọ ohun tí kò ní ìtumọ̀ méjì. N kò sọ pé kí ọmọ máa fi ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ṣe ìkíni. Ohun tí mo sọ ni pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní, ó kéré tán, orúkọ kan fún ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan, orúkọ tí nọ́ọ̀sì, ọlọ́pàá àti adájọ́ yóò mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Àpẹẹrẹ kẹta ni "àrùn kògbóògùn," orúkọ tí a fún éèdì nígbà tí kò tíì sí oògùn tí ó ká a. Kò sí oògùn tí ó ń lé kòkòrò HIV kúrò nínú ara pátápátá títí di òní, ṣùgbọ́n oògùn tí ó ń ká a lọ́wọ́ kò wà. Ẹni tí ó bá ń lò ó déédéé lè gbó, kí ó tọ́. Bí oògùn bá sì ti tẹ kòkòrò náà rì débi tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò rí i mọ́, kò ní kó o ran ẹni tí wọ́n jọ ń ní ìbálòpọ̀. Àmọ́ ọmọ tí ó bá gbọ́ "kògbóògùn" yóò rò pé kò sí ìdí tí òun fi máa lọ ṣe àyẹ̀wò. Ìdí nìyí tí inú mi fi dùn sí iṣẹ́ tí Herbert Igboanusi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ṣe, tí wọ́n ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun fún HIV, éèdì àti Ebola ní Hausa, Ìgbò àti Yorùbá. Wọ́n pe HIV ní kòkòrò apa-sọ́jà-ara. Orúkọ náà sọ iṣẹ́ tí kòkòrò ń ṣe. Kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, kò sì pa ìrètí ẹnikẹ́ni.

Ìjọ́hẹn: ọ̀rọ̀ tí a ti ní tipẹ́

Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ nípa gbígba àṣẹ lẹ́nu obìnrin kí a tó fọwọ́ kàn án jẹ́ ọ̀rọ̀ òyìnbó. Kí àwọn bẹ́ẹ̀ jọ̀wọ́ ṣí ìwé àṣà ìgbéyàwó Yorùbá tí wọ́n kà ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Lẹ́yìn ìfojúsóde, lẹ́yìn iṣẹ́ alárinà, kí ó tó kan ìtọrọ àti ìdána, kí ni ó wà níbẹ̀? Ìṣíhùn tàbí ìjọ́hẹn ni. Ìṣíhùn wá láti ara ṣí àti ohùn. Ìjọ́hẹn wá láti ara jẹ́ àti hẹn. Ọkùnrin lè gbé iṣu wá, ó lè wá ṣe iṣẹ́ oko fún baba ọmọ, ṣùgbọ́n a ń dúró de ohùn ọmọbìnrin náà.

N kò fẹ́ ṣe àṣà náà lọ́ṣọ̀ọ́ ju bí ó ṣe rí lọ. A mọ̀ pé wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin fọ́kọ láìbi wọ́n léèrè. A sì mọ̀ pé obìnrin nìkan ni wọ́n ń yẹ ìbálé rẹ̀ wò, tí wọ́n ń fi páálí ìṣáná kíkún tàbí ààbọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn òbí rẹ̀. Kò sí páálí ìṣáná fún ọkùnrin. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà wà, ó sì tó láti fi kọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa ní nǹkan mẹ́rin. Èkíní, ẹnu ni hẹn ti ń jáde. Ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe hẹn. Èkejì, hẹn àná kì í ṣe hẹn òní. Ẹ̀kẹta, hẹn tí ìbẹ̀rù fà jáde kì í ṣe hẹn, ìbáà jẹ́ ìbẹ̀rù ìyà, ti máàkì, tàbí ti owó iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ̀kẹrin, ọmọdé kò ní hẹn láti fún àgbà. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fi sínú òfin tirẹ̀ ní 2006, sọ pé ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 ọmọdé ni, ẹni tí ó bá sì bá ọmọdé lò pọ̀ kò lè gba ara rẹ̀ sílẹ̀ nípa sísọ pé ọmọ náà gbà.

Ọ̀rọ̀ náà gan-an, ìbálòpọ̀, ti kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ yìí. Ẹ tú u wò: ì, bá, lò, pọ̀. "Bá" àti "pọ̀" sọ pé ẹni méjì ni ó wà níbẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣe é. Ìfẹ́ tí ẹnì kan nínú rẹ̀ ń gbọ̀n bí fóònù rẹ̀ bá dún, tí ó ń gba ìgbátí nítorí pé ó kí ọmọ kíláàsì rẹ̀, tàbí tí owó ọ̀kadà tí a san fún un ti di gbèsè tí a fẹ́ kí ó fi ara san, kò ní "bá" kankan nínú. Àwọn ọmọkùnrin ni kí a kọ́kọ́ sọ èyí fún, nítorí ẹgbẹ́ wọn ti kọ́ wọn pé bí obìnrin bá sọ pé rárá, ojú ni ó ń tì í.

Báwo ni odindi ṣe ń dún?

Àwọn òbí yóò sọ pé, "Kí ni ká wá sọ?" Ẹ jẹ́ kí n dá a lábàá. Fún ọmọ ọdún mẹ́rin sí mẹ́jọ, ìwọ̀nyí tó: "Ara rẹ, tìrẹ ni. Bí nọ́ọ̀sì bá fẹ́ wo abẹ́ rẹ, èmi yóò wà níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni mìíràn bá fọwọ́ kàn án, tí ó ní kí o má sọ, wá sọ fún mi. Kódà bí ó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n, tí ó jẹ́ tíṣà, tí ó jẹ́ áfáà tàbí pásítọ̀. N kò ní bínú sí ọ."

Fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sí méjìlá, kí nǹkan oṣù tó dé ni kí a ti sọ ọ́, nítorí láàárín ọdún mẹ́sàn-án sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ó lè lọ báyìí:

"Àdùkẹ́, jókòó tì mí. Láìpẹ́, ẹ̀jẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ojú ara rẹ lóṣooṣù."

"Ẹ̀jẹ̀ kẹ̀, Màámi! Ṣé àìsàn ni?"

"Rárá o. Lóṣooṣù ni ilé-ọmọ inú rẹ ń tẹ́ ẹní sílẹ̀ de oyún. Bí oyún kò bá sí, yóò ká ẹní náà kúrò. Òun ni ó ń jáde bí ẹ̀jẹ̀."

"Ṣé ẹ̀yin náà ń rí i, Màámi?"

"Mo ń rí i. Inú lè máa ro ọ́ díẹ̀. Ní ọdún kìíní sí ìkejì, ó lè máà wá déédéé. Bí o bá ti rí i, sọ fún mi, màá fi bí a ṣe ń lo páàdì hàn ọ́. Láti ìgbà náà lọ, bí ọkùnrin bá ki okó rẹ̀ bọ òbò rẹ, oyún lè dúró. Kì í ṣe ọwọ́ ni mo wí o."

Gbólóhùn tí ó kẹ́yìn yẹn le lẹ́nu ìyá, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n òun ni odindi. Kí àwọn ọmọkùnrin náà gbọ́ tiwọn lẹ́nu baba: ohùn yóò ki, irun yóò hù, okó yóò máa le, àtọ̀ sì lè jáde lójú oorun. Ìbàlágà ni, kì í ṣe àìsàn, kì í sì í ṣe ìyàwó ọ̀run.

Fún ọmọ ọdún mẹ́tàlá lọ sókè, kí a sọ bí oyún ṣe ń dúró. Ẹyin obìnrin sábà máa ń jáde ní nǹkan bí ọjọ́ 14 ṣáájú nǹkan oṣù tí ń bọ̀, àtọ̀ ọkùnrin sì lè wà láàyè nínú ara obìnrin fún ọjọ́ márùn-ún. Nítorí náà, ọmọbìnrin tí oṣù rẹ̀ kò tíì wá déédéé kò lè fi kíka ọjọ́ gba ara rẹ̀ là. Kí a sọ pé sùúrù ni ààbò tí ó dájú jù, kí a sì sọ pé kọ́ńdọ̀mù tí a bá lò dáadáa ń dènà oyún àti ọ̀pọ̀ àrùn ìbálòpọ̀. Kí a sọ pé ẹni tí wọ́n bá fipá bá lò kò gbọ́dọ̀ dúró sílé: oògùn tí ń dènà HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 72, oògùn tí ń dènà oyún kò gbọ́dọ̀ kọjá ọjọ́ márùn-ún, bí ó bá sì ti yá tó ni ó dára tó. Láti oṣù kẹwàá 2023 ni Nàìjíríà ti ń fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV, èyí tí ń dènà jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ. Kí a sì sọ ti àrùn fòníkú-fọ̀ladìde: bí AS bá fẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti di ọmọ SS. Kí ìfẹ́ tó wọ eegun ni kí ẹni méjì ti mọ irú ẹ̀jẹ̀ ara wọn.

Ìjọba fi àdàpè bò ó, ó sì tún gbé e kúrò

Àwọn tí ó bẹ̀rù pé ìmọ̀ yóò ti ọmọ sínú ìṣekúṣe kò jẹ̀bi ìbẹ̀rù wọn. Ìfẹ́ ọmọ ni ó fà á. Ṣùgbọ́n UNESCO ti kó àwọn ìwádìí lágbàáyé jọ nínú ìwé ìtọ́sọ́nà rẹ̀ ti 2009 àti ti 2018, ohun tí wọ́n rí ni pé ẹ̀kọ́ yìí kì í mú kí ọ̀dọ́ tètè bẹ̀rẹ̀ ìbálòpọ̀.

Ní 2001 ni Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ètò ẹ̀kọ́ ìbálòpọ̀ fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ Nàìjíríà. Nígbà tí yóò fi di 2003, wọ́n ti yí orúkọ rẹ̀ padà sí ẹ̀kọ́ ìgbé-ayé ẹbí àti HIV. Ìjọba pàápàá ti lo àdàpè. Ní oṣù kọkànlá 2022, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Adamu Adamu, pàṣẹ pé kí wọ́n yọ ẹ̀kọ́ ìbálòpọ̀ kúrò nínú ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Ní ìparí oṣù kan náà, mínísítà kan náà kéde pé ìjọba ti fọwọ́ sí i kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. A rí èdè gbà, wọ́n ní kí a má fi sọ ọ̀rọ̀ ara. Ní oṣù kọkànlá 2025, mínísítà Tunji Alausa kéde pé wọ́n ti fagi lé ètò èdè náà pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀, láti 1970 sí 1976 ni Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, tí àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ.

Nítorí náà, kí Akanran má dúró de Àbújá. Ìpàdé òbí àti olùkọ́ lè pe nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ìjọba kí ó wá fi Yorùbá sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ kan ní táàmù kọ̀ọ̀kan. Ìyálọ́jà lè fún un láàyè lọ́jọ́ ọjà. Áfáà àti pásítọ̀ ti ní ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé wọn tẹ́lẹ̀. Ìbàdàn kò sì ṣe aláìní àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí: láti 1989 ni ẹgbẹ́ ARFH, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ladipo àti Ìyáàfin Grace Delano dá sílẹ̀, ti ń ṣiṣẹ́ lórí ìlera ọ̀dọ́ àti ìfètòsọ́mọbíbí láti ìlú náà.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè, iṣẹ́ yín nìyí pẹ̀lú. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá àkọlé fún àpilẹ̀kọ àṣekágbá, ẹ lọ bá àwọn ìyá agbẹ̀bí àti àwọn àgbà abà. Ẹ gba àwọn orúkọ sílẹ̀, ẹ fi wọ́n kọ ìwé pélébé kan tí ìyá lè kà fún ọmọ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kí ojú má sì tì í ju bó ṣe yẹ lọ. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ẹ jẹ́ kí a fún àwọn ọmọ wa ní odindi lónìí, kí àbọ̀ ọ̀rọ̀ wa lè tó wọn lọ́la.

Ire o.